Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Etíkun Wo Ni Kí A Yàn ní Cornwall?

Láti ìgbà tí ojú ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í móoru ní Ìlú Ọba ni àwọn òǹkàwé wa níbẹ̀ ti ń kọ̀wé béèrè ibi tí wọ́n lè kó ẹbí lọ fún ìsinmi, orúkọ tó sì ń jẹ yọ jù nínú àwọn lẹ́tà náà ni Cornwall, ilẹ̀ tóóró tó yọ sínú Òkun Àtìláńtíìkì ní ìpẹ̀kun gúúsù ìwọ̀ oòrùn England. Ọ̀rọ̀ etíkun Cornwall nìkan ni a ó fi ojú ìwé yìí sọ lóṣù yìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Reading ni à ń gbé. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ń bọ̀ wá kí wa láti Ìbàdàn, orúnkún sì máa ń dùn wọ́n. Àwọn ọmọ wa méjèèjì kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ọkọ mi rí àwòrán ibì kan tí wọ́n ń pè ní Kynance Cove lórí fóònù rẹ̀, láti ìgbà náà ni kò ti sọ̀rọ̀ ibòmíràn mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni a fẹ́ lò ní Cornwall nínú oṣù Kẹjọ. Ṣé Kynance yìí bá wa mu, àbí kí a yan ibòmíràn? — Ìyàwó ilé, Reading.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra àlejò o, ìyá àwọn ọmọ. Ojú ọkọ yín ríran dáadáa, nítorí Kynance Cove lẹ́wà ju àwòrán rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Lizard ló wà, níbi tí ilẹ̀ Britain parí sí ní ìhà gúúsù, àwọn àpáta rẹ̀ sì jẹ́ irú òkúta tí wọ́n ń pè ní serpentine, tí àwọ̀ ewé àti àwọ̀ pupa dàpọ̀ mọ́ra lára rẹ̀, tí omi òkun ti fọ̀ títí ó fi ń dán. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ìgbà tí òkun fà ni wọ́n ya àwòrán tí ọkọ yín rí. Bí òkun bá kún, ẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rí yanrìn kankan níbẹ̀ mọ́. Omi á gun ún dé ẹsẹ̀ àpáta, ẹni tó wakọ̀ láti àárọ̀ kùtùkùtù á sì kàn dúró lókè máa wo ìgbì ni.

Nítorí èyí, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé etíkun wo ló dára jù ní Cornwall, èmi náà á bi í pé: ní agogo mélòó, ta ni yóò sì bá ọ lọ? Etíkun kan náà tó jẹ́ pápá yanrìn ní ọ̀sán lè di àpáta àti ìgbì lásán ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òkun sábà máa ń kún lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì máa ń fà, àkókò rẹ̀ sì máa ń fi nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Ìwé pélébé tí wọ́n tẹ àkókò wọ̀nyí sí kò wọ́n ní àwọn ṣọ́ọ̀bù etíkun, ẹ sì lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kò fi ọkàn sí ni ti òṣùpá. Nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, àti nígbà tí oṣù tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ni òkun máa ń kún jù, ìgbà náà ló sì máa ń fà jù. Ní Cornwall, ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ àti ọjọ́ kan tàbí méjì tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ọ̀sán ni fífà tó jinlẹ̀ jù yìí máa ń bọ́ sí. Bí ó bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, kíkún ni yóò bọ́ sí ọ̀sán. Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó sanwó ilé tí ẹ ó dé sí. Bí òṣùpá àrànmọ́jú bá bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ yín, ẹ ti rí ọjọ́ Kynance yín nìyẹn. Kí ẹ dé ibẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí méjì ṣáájú ìgbà tí òkun yóò fà tán, kí ẹ sì ti kó ẹrù yín kúrò nísàlẹ̀ kí wákàtí méjì mìíràn tó kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jí lọ o, nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí tí àjọ National Trust ní lókè ibẹ̀ máa ń kún fọ́fọ́ ní oṣù Kẹjọ.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló wá kù. Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí náà, ìrìn bí ogún ìṣẹ́jú ni yóò gbé yín dé ìsàlẹ̀, ọ̀nà ọ̀hún sì ní àtẹ̀gùn àti òkúta gbágungbàgun. Ọ̀nà kejì wà tó gùn díẹ̀ sí i tí kò sì le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí a bá gbà sọ̀ kalẹ̀ la ó gbà gòkè. Èmi kò ní gba ẹni tí orúnkún ń dùn níyànjú pé kó sọ̀. Kí Màmá jókòó sókè níbi tí wọ́n ti lè rí gbogbo rẹ̀, kí ẹnì kan sì dúró tì wọ́n. Lójú tèmi, ẹni tó rí àwòrán náà lórí fóònù ló yẹ kó ṣe é. Kò sí ẹ̀ṣọ́ etíkun ní Kynance, nítorí náà, kí àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ tẹ omi nìkan, kí wọ́n má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Ní àwọn ọjọ́ yòókù, Gyllyngvase ní Falmouth, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Gylly, ni mo máa mú Màmá lọ. Ó kọjú sí gúúsù, kò sí àtẹ̀gùn gígùn tàbí ògiri àpáta lẹ́yìn rẹ̀, bí kò ṣe ọgbà òdòdó kan tí wọ́n fi orúkọ Queen Mary pè. Ilé oúnjẹ wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun sì máa ń wà níbẹ̀ ní ìgbà ooru. Màmá lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kí wọ́n sì jókòó sórí àga láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bí ẹ bá sì ń lọ sí Falmouth, Truro kò jìnnà sí ọ̀nà yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà sí òpópónà Lemon Street, kí ẹ fi òpó gíga tó wà níbẹ̀ han àwọn ọmọ. Ẹni tí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ sí orí òpó náà ni Richard Lander, ọmọ bíbí Truro, tí òun àti àbúrò rẹ̀ John gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1830, tí wọ́n la ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Ọ̀yọ́ Ilé, tí wọ́n dé Bussa, tí wọ́n sì bá Odò Ọya lọ títí dé ibi tó ti wọ inú òkun. Ó wù mí kí n gbọ́ ohun tí ìyá kan láti Ìbàdàn máa sọ nípa ẹni tí wọ́n ń yìn pé ó ṣàwárí ọ̀nà odò tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń tukọ̀ lórí rẹ̀ látayébáyé.

Lẹ́yìn wákàtí, afẹ́fẹ́ ló kàn. Etí òkun méjì ni Cornwall ní, ìwà wọn kò sì jọra. Èyí tó wà ní àríwá kọjú sí agbami Àtìláńtíìkì tààrà, ìgbì tó ti rin ọ̀nà jíjìn ló ń kọlu àpáta rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì fi ń rọ́ lọ sí Fistral ní Newquay. Èyí tó wà ní gúúsù rọra fi ara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀. Láti ìwọ̀ oòrùn àti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ wá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá ń ti àríwá fẹ́, Gyllyngvase lè dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tí òkun àríwá ń ru gùdù. Bí ó bá sì ń ti gúúsù fẹ́, ẹ kó ọkọ̀ yín, ó di àríwá. Láti St Ives tó wà ní àríwá dé Penzance tó wà ní gúúsù kò ju nǹkan bíi máìlì mẹ́wàá lọ, nítorí náà, ẹ má ṣe pinnu ní alẹ́ àná. Ẹ gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ láàárọ̀ kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ ń lọ.

St Ives fúnra rẹ̀ kó ìwà méjèèjì pọ̀ sí ojú kan. Porthmeor, tó wà níwájú ilé àwòrán Tate tí wọ́n ṣí ní 1993, gba ìgbì sójú; Porthminster, tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ibẹ̀ láìpẹ́, fi ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ ìwọ̀ oòrùn, omi rẹ̀ sì sábà máa ń rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni kí àwọn ọmọ yín ti ṣeré. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún níbẹ̀ ni àwọn ẹyẹ òkun, tí kì í bẹ̀rù èèyàn rárá: bí ẹ bá gbé púfúpúfù tàbí áísíkiriìmù dání láìfi ọwọ́ bò ó, wọ́n á já a gbà mọ́ yín lọ́wọ́.

Bí ọkọ yín bá sì tún rí àwòrán ibì kan tí wọ́n ń pè ní Pedn Vounder, lẹ́bàá Porthcurno, tí omi rẹ̀ mọ́ gaara bíi ti ilẹ̀ olóoru, ẹ tètè sọ fún un pé àpáta gàgàrà ni wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yáàrùn níbẹ̀ kì í wọ aṣọ rárá. Kì í ṣe ibi tí à ń mú ìyá ọkọ lọ. Porthcurno gan-an ni kí ẹ dúró sí. Yanrìn rẹ̀ funfun, ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ kò jìnnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bèbè rẹ̀ máa ń jìn lójijì níbi tí omi ti pàdé yanrìn, tí ìgbì fi lè gbá ọmọdé lulẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, Èkó ni wọ́n bí mi sí, mo mọ Bar Beach dáadáa kí wọ́n tó kó yanrìn dí i. Kí ló dé tí àwọn èèyàn níbí fi ń pariwo pé òkun ń kún, òkun ń fà? Nílé, a kì í wo aago kí a tó lọ sí etíkun. — Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, Peckham.

ÌDÁHÙN: Ẹ kò purọ́, ọmọ Èkó, nítorí òkun tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ kún bẹ́ẹ̀ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ fà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíkún àti fífà òkun ní Èkó jẹ́ nǹkan bíi mítà kan. Ní àríwá Cornwall, ní àwọn ọjọ́ òṣùpá tí mo mẹ́nu bà lókè yìí, ó lè ju mítà mẹ́fà lọ, èyí tó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Níbi tí yanrìn bá tẹ́jú, irú omi bẹ́ẹ̀ lè fà lọ jìnnà réré, kó sì padà wá láàárín wákàtí mẹ́fà.

Agbára ìgbì tó ń já lulẹ̀ létí bèbè, tó sì ń wọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ padà sínú omi, ni ewu òkun Èkó. Èyí tí mò ń sọ yìí yàtọ̀ sí i, ó sì lè bá ẹni tí kò tilẹ̀ fẹ́ wẹ̀. Nílé, ẹni tí kò bá wọ odò kì í bá odò lọ. Níhìn-ín, òkun lè wá bá èèyàn níbi tó jókòó sí. Ẹ wo Newquay. Nígbà tí òkun bá fà, èèyàn lè rìn lórí yanrìn láti Towan dé Great Western, kó kọjá sí Tolcarne, kó dé Lusty Glaze, kó sì rò pé etíkun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Bí òkun bá ń padà bọ̀, àwọn ẹnu àpáta tó yọ síwájú ni omi máa ń kọ́kọ́ dé, ibẹ̀ gan-an ni yóò sì ti ya etíkun kan kúrò lára èkejì, nígbà tí yanrìn tí èèyàn dúró lé lórí ṣì gbẹ táútáú. Ẹni tí kò bá tètè mọ̀ á bá ara rẹ̀ láàárín omi níwájú àti ògiri àpáta lẹ́yìn. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ṣe gbìyànjú láti gun àpáta náà. Ẹ pe 999, kí ẹ sì sọ pé Coastguard ni ẹ ń fẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í sábà dára lábẹ́ àpáta, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹnì kan nílé mọ ibi tí ẹ lọ àti ìgbà tí ẹ ó padà.

Ẹ má sì jókòó sí ẹsẹ̀ ògiri àpáta nítorí ibòòji. Òkúta máa ń já láti òkè láìkìlọ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò.

Bí ó bá jẹ́ ibi tí ọmọ Èkó ti lè wẹ̀ láìbá ìgbì jà ni ẹ ń wá, ẹ lọ sí Bude, ní àríwá pátápátá. Wọ́n ti mọ odi yí omi òkun ká lábẹ́ àpáta létíkun Summerleaze láti 1930, òkun a máa bò ó mọ́lẹ̀ bí ó bá kún, á sì fi omi tuntun sílẹ̀ sínú rẹ̀ bí ó bá fà. Wọn kì í gba owó ìwọlé, bí ẹ bá sì fẹ́, ẹ lè ju owó díẹ̀ sínú àpótí fún ìtọ́jú rẹ̀. Bude kò ṣàjèjì sí Èkó, nítorí ibẹ̀ ni wáyà Glo-1 tó gba abẹ́ òkun láti Èkó ti gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ England. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ tí ẹ fi WhatsApp bá àwọn ará ilé sọ láti Peckham ti gba abẹ́ omi náà kọjá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n olóòtú, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń lọ sí Perranporth. N kò mọ omi wẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ jókòó sórí yanrìn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí ni kí n ṣe? — Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Manchester.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, Perranporth kì í ṣe yíyàn burúkú fún ẹ, níwọ̀n ìgbà tí o bá dúró sí ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ wà. Yanrìn rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi máìlì mẹ́ta nígbà tí òkun bá fà, ibi díẹ̀ nínú rẹ̀ nìkan sì ni ojú ẹ̀ṣọ́ ká. Àjọ RNLI, tó ti ń gba àwọn èèyàn là lójú òkun láti 1824, ló ń fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀ ní ìgbà ooru, láti agogo mẹ́wàá àárọ̀ títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àsíá ni kí o máa wò. Àárín àsíá méjì tó jẹ́ pupa lókè tó sì jẹ́ yẹ́lò nísàlẹ̀ ni tìrẹ. Ibi tí àsíá dúdú àti funfun bá wà, àwọn tó ń gun pátákó ló ni ín, pátákó wọn sì lè fọ́ èèyàn lórí. Bí àsíá bá pupa látòkè délẹ̀, má ṣe fi ẹsẹ̀ kan omi. Bí o bá rí àpò aṣọ olómi ọsàn tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ó túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ sí agbami, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ohun ìṣeré tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ wọ omi, nítorí kò ní pẹ́ tí yóò fi gbé e lọ.

Ìṣàn kan wà létíkun bí èyí tó ń fa èèyàn lọ sí agbami, omi ibi tó bá wà sì lè dà bí èyí tó rọlẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, èyí tó máa ń tan àlejò jẹ. Bí ó bá mú ẹ, má ṣe bá a jà láti padà sí èbúté tààrà. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ṣì kan ilẹ̀, fẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá kan ilẹ̀, gbé orí sẹ́yìn títí omi á fi bo etí rẹ, jẹ́ kí ara rẹ léfòó, mí bó ṣe yẹ, na ọwọ́ sókè kí o sì ké. Ní oṣù Kẹjọ pàápàá, omi ibẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí 17 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, òtútù rẹ̀ sì lè gba èémí mọ́ èèyàn lẹ́nu ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Rọra wọ̀ ọ́. Àwọn ṣọ́ọ̀bù etíkun máa ń yáni ní aṣọ rọ́bà tó ń gbé ooru ara dúró, má sì jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fi ṣe ẹ́ yẹ̀yẹ́.

Tún wọ bàtà omi. Ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní weever máa ń sin ara rẹ̀ sínú yanrìn níbi tí omi kò ti jìn, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní oró. Bí ó bá gún ẹ, omi gbígbóná tí ara lè gbà ni kí o ki ẹsẹ̀ bọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mọ̀ ọ́n tọ́jú.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé òmìrán kan ló ń fi àwọn òpó àpáta ní Bedruthan Steps ṣe àtẹ̀gùn, ṣé a sì lè sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀? — Bàbá Ìbejì, Luton.

ÌDÁHÙN: Ìtàn tí wọ́n fi ń fa àlejò ní ayé Ọbabìnrin Victoria ni ti òmìrán. Wọ́n ti ti àtẹ̀gùn tí àwọn èèyàn ń gbà sọ̀ kalẹ̀ pa nítorí òkúta tó ń já, òkun ibẹ̀ kò sì ṣeé wẹ̀. Ẹ wò ó láti òkè, ní pàtàkì bí òkun bá ń fà tí oòrùn sì ń lọ wọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ kó àwọn ìbejì lọ sí Watergate Bay tó wà lójú ọ̀nà Newquay.

ÌBÉÈRÈ: A kò ní mọ́tò. Ṣé kí a gbàgbé Cornwall ni? — Tọkọtaya, Woolwich.

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ojú òpópónà ibẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yin tí ẹ wọ rélùwéè yóò fi sinmi ju onímọ́tò lọ. Ọkọ̀ ojú irin láti Paddington sí Penzance ń gba wákàtí márùn-ún àti díẹ̀. Èyí tó ń fi òru rìn náà wà, tó ní ibùsùn. Ẹ sọ̀ ní St Erth, kí ẹ bọ́ sínú èyí tó ń lọ sí St Ives, kí ẹ sì jókòó sí apá ọ̀tún, nítorí ibẹ̀ ni òkun wà títí dé ìparí ọ̀nà. Ìdíkọ̀ St Ives wà lókè etíkun Porthminster gan-an. Ẹ lè ti bọ́ bàtà kí èrò tó sọ̀ tán.